Omi Ìyá Àgbà Kì Í Tán

"Ìyàwó wa, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ o."

Ohùn Jẹ́jẹ́ nìyẹn lórí fóònù, ó tutù bí ẹni tó ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohùn yẹn ni mo ti ń gbọ́ ariwo kan: ṣṣṣṣṣṣṣṣ.

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀, ọkọ mi?"

"Ìyá Àgbà ni. Ó ń hó."

"Níbo lẹ wà?"

"Àárín òkè. A ò lè gòkè mọ́, a ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bá mi rọra sọ fún Alága."

Rọra kẹ̀. Ta ló ń rọra sọ irú ìyẹn fún Alága?

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín, kí ẹnì kan má lọ máa sọ kiri pé mo ní ọkọ méjì. Jẹ́jẹ́ kọ́ ló fẹ́ mi. Àbúrò ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn bá bá nílé ọkọ, ọkọ ẹni ni, a kì í sì í pe orúkọ ọkọ. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí bí iná bá ń jó aṣọ lára rẹ̀, yóò kọ́kọ́ kí ọ, yóò béèrè àwọn ọmọ, kó tó wá ní kí o jọ̀wọ́ bá òun bu omi díẹ̀. Òun ló mú mi wọ ibi iṣẹ́ yìí. Èmi ni akọ̀wé. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Alága, ọ̀gá wa tó ni ilé iṣẹ́ náà, kò sí eṣinṣin tó ń gba ibẹ̀ kọjá tí n kì í rí.

Ìyá Àgbà ni ọkọ̀ akẹ́rù tí Jẹ́jẹ́ ń wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lórí rẹ̀. Aago kan wà níwájú awakọ̀ tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, ó ti ka ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èèyàn tó bá ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì bá a ya fọ́tò.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó dàgbà tó yẹn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kó bọ́ sójú títì. Jẹ́jẹ́ á dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, á tan án, gbù-gbù-gbù-gbù, á fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ yá. Á wá pa á, á sọdá títì lọ mu tíì àti búrẹ́dì. Tó bá dé ní aago méje, tí ara ọkọ̀ ti rọlẹ̀, á ṣí ojú rédíétọ̀ wò.

Omi á ti lọ.

Kì í ṣe ẹ̀kán kan méjì o. Ààbọ̀ korobá. Lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ á gbẹ táútáú. Páìpù ò jò, ọ́ìlì mọ́, èéfín ò funfun. Jẹ́jẹ́ á rọ omi mìíràn sí i, á dé e, á bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé yìí nìkan ló pẹ́ nídìí tíì, ó gbàgbé láti wò ó. Ìyá Àgbà sì dójú tì í lórí òkè, pẹ̀lú igba àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn.

Mo wọlé lọ bá Alága. Mo bọ́ bàtà mi kí n tó wọlé, torí òfin ọ́fíìsì nìyẹn. Alága ra kápẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́dún tó kọjá, funfun tí ojú ń ro èèyàn láti wò. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ lásán ni kí oníkálukú fi wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ kan án, ó ní ìbọ̀sẹ̀ ló ń kó erùpẹ̀ jù. Òun alára ń pa òfin náà mọ́, ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yìn ín nìyẹn. Sálúbàtà rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rẹpẹtẹ ni Alága. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé, òun á wá tẹ̀ lé e. Ó tó ọdún mẹ́wàá tó ti fojú ara rẹ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ náà sì ń dùn ún, ó máa ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin.

"Alága, sà, Ìyá Àgbà wà lórí òkè. Omi rẹ̀ tán."

"Omi wo ló tán?"

"Omi ẹ́ńjìnnì, sà."

"Irọ́ ni. Omi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kì í tán."

"Jẹ́jẹ́ ní àràárọ̀ ni òun ń..."

"Mo ní irọ́ ni. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ tí mo fi owó mi rà ni? Omi kún inú ẹ̀ bámúbámú. Èmi fúnra mi mọ̀. Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọkọ ẹ. Oníbàárà mi ń dúró, òun ń wá ibi tó máa sùn lórí òkè."

Mo rò pé ìbínú ló ń sọ ọ́.

"Sọ fún un," Alága ní, "tí mo bá ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yìí lọ́jọ́ Ẹtì, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi wá sórí tábìlì yìí. N kì í gba òpùrọ́ síṣẹ́."

Jẹ́jẹ́ ò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Yàtọ̀ síyẹn, òun tó mú mi wá síbí ni wọ́n fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ ìwé ìdádúró fún. Ojú wo ni màá fi wo ìyá ọkọ mi? Ṣé màá máa bá a bó ẹ̀gúsí ni, kí n wá máa sọ pé, "Màmá, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n ò ṣì í tẹ̀"?

Wọ́n wọ́ Ìyá Àgbà dé nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Etí-ò-purọ́.

Mẹkáníìkì wa nìyẹn. Kì í lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan. Irin gígùn kan ló ní. Á fi ẹnu irin kan ẹ́ńjìnnì, á gbé ìdí rẹ̀ sétí, á di ojú pa. Ó ní ojú lè ṣini lọ́nà, ẹnu lè ṣàṣìsọ, ṣùgbọ́n etí òun ò purọ́ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé irin sétí. Gbogbo wa dákẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Kú-kú-kú-kú-kú.

"Ó ń sọ̀rọ̀," ó ní.

"Kí ló wí?" èmi.

"Ó ní orí ń fọ́ òun."

Ó la ojú. "Gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí orí ẹ́ńjìnnì pa ló ti jó. Omi ń gba ibẹ̀ wọ inú iná, ó ń bá èéfín jáde. Òun ni ẹ ò ṣe rí i nílẹ̀."

"Èéfín rẹ̀ ò funfun o, ọ̀gá," Jẹ́jẹ́ ní.

"Ṣé ìwọ ni mẹkáníìkì ni?"

"Rárá o. Ẹ má bínú."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú Ìyá Àgbà nìyẹn. Gbàm! Gbìì! Nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin fà tí kò mira. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè bí ẹni gbé ìkòkò ńlá kúrò lórí iná. Wọ́n yọ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn.

Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Dídán ló ń dán.

"Àrùn náà wà nínú rẹ̀, ojú lásán ni kò lè rí i," Etí-ò-purọ́ ní. Ó fi tuntun sí i, wọ́n dè é padà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ lọ sùn, ó ti parí.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, Jẹ́jẹ́ tan ọkọ̀ láago mẹ́fà, ó lọ mu tíì, ó dé láago méje, ó ṣí ojú rédíétọ̀.

Ààbọ̀ korobá ti lọ.

Etí-ò-purọ́ tún gbé irin. "Ẹ dákẹ́. Hẹn-ẹn. Ó ní ibà ń ṣe òun."

Tẹmọsítáàtì wà nínú ẹ́ńjìnnì, òun ló máa ń dá omi dúró kó gbóná dáadáa kó tó jẹ́ kó máa yí ká. N ò tíì rí mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ̀ ì báà máa jò, kó máa wúkọ́, kó máa rọ, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. "Òtútù kì í pa ọkọ̀," Etí-ò-purọ́ máa ń wí. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú agolo, ó nu ọwọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́fà, tíì, aago méje. Ẹ ti mọ ohun tí Jẹ́jẹ́ bá.

A ṣì dúró tí a ń wo ara wa nígbà tí Alága wọ́ ẹsẹ̀ dé, tòun ti sálúbàtà. Ó dojú kọ Etí-ò-purọ́.

"Kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ yìí?"

"Ṣé ẹ rí i pé nǹkan yí padà ni, sà?"

"Mo rí i. Kò gbóná mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

Etí-ò-purọ́ wú. Ó wò wá yíká bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀. Ó jí láàárọ̀ kùtù wá fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà. Òtútù kì í pa ọkọ̀."

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn," Alága ní. Ó wá kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ ò mọ irọ́ pa. Ì bá ṣe pé ó mọ̀ ọ́n pa ni, ara ì bá tu gbogbo wa.

"Ó tún tán láàárọ̀ yìí, sà."

"Ọ̀la. Aago mẹ́sàn-án. Kọ́kọ́rọ́."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ojú ti Etí-ò-purọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó sórí táyà, ó gbé irin sórí itan. Lẹ́yìn náà ló dìde. "Bí etí bá kọ̀," ó ní, "á jẹ́ pé ojú ló kù."

Ó lọ ra aró búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ṣòkòtò tó ti ṣá láró. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá, torí aró yẹn ò mọ ọṣẹ lójú. Bó bá mọ́ ọ lára, ìwọ àti òun di tọkọtaya fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Odidi ike kan ló dà sínú omi Ìyá Àgbà. Ó wá tẹ́ páálí funfun sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

"Omi tó bá ń sá lọ," ó ní, "yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ júwe ibi tó ń lọ."

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn ò mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, èmi náà dé láago méje. N ò jẹun. Jẹ́jẹ́ ti ṣí ojú rédíétọ̀ nígbà tí mo débẹ̀, ó sún sẹ́yìn kí n lè wò ó. Ààbọ̀ korobá ti lọ. Etí-ò-purọ́ ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ń rí.

"Kí lẹ rí, ọ̀gá?"

"Ẹ̀kán mẹ́ta."

"Mẹ́ta péré?"

"Lábẹ́ kọ́ọ̀kì tí a fi ń da omi rẹ̀ nù. Kọ́ọ̀kì ọ̀hún sì dì pinpin, ẹnì kan tilẹ̀ fi aṣọ nù ún." Ó wọ́ jáde, ojú rẹ̀ ti funfun. "Ààbọ̀ korobá, ẹ̀kán mẹ́ta. Ìyá Àgbà ló ń mu omi ara rẹ̀. N ò tíì rí irú rẹ̀ rí."

Jẹ́jẹ́ wọ inú ọkọ̀ lọ. Ó fi aṣọ nu aago wákàtí yẹn, ó nu dígí, ó ká aṣọ ìnujú rẹ̀ tó máa ń fi bo àga. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìdè tí ọmọ rẹ̀ obìnrin hun fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo yíjú sí ògiri.

Aago mẹ́sàn-án, a tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Jẹ́jẹ́ bọ́ bàtà, ó tò ó pọ̀. Etí-ò-purọ́ bọ́ tirẹ̀, mo fi fáìlì bo imú. Èmi náà bọ́ tèmi, mo mú ìwé dání. Alága gba ilẹ̀kùn tó já sí ilé rẹ̀ wọlé, ó bọ́ sálúbàtà síbẹ̀ bí òfin ṣe wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kì í jókòó bínú. Ó máa ń rìn ín ni, láti ìdí tábìlì dé ìdí fèrèsé, láti ìdí fèrèsé padà.

"Fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀ yẹn."

Jẹ́jẹ́ fi sórí tábìlì, kò jẹ́ kó dún.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún," Alága ní, ó lọ sídìí fèrèsé. "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi fọkàn tán ẹ," ó padà. "O wá ń wo ojú mi, o ń sọ fún mi pé omi tán," ó tún lọ.

Mo tẹjú mọ́lẹ̀ kí n má bàa sunkún lójú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ẹsẹ̀ kan. Búlúù.

Ọmọ ìka márààrún pé, gìgísẹ̀ pé. Òmíràn wà níwájú rẹ̀. Òmíràn tún wà. Wọ́n tò láti ìdí tábìlì dé ìdí fèrèsé, wọ́n padà, wọ́n tún lọ.

"Alága, sà."

"Mò ń sọ̀rọ̀."

"Kápẹ́ẹ̀tì yín ni, sà."

Ó wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fò kúrò lórí rẹ̀ pátápátá.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ wa.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín."

Jẹ́jẹ́ gbé tirẹ̀. Ó mọ́ bí àwo. Etí-ò-purọ́ gbé tirẹ̀. Dúdú ni, ọ́ìlì ogún ọdún ti gbẹ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí búlúù. Èmi gbé tèmi. Mo kun èékánná mi ní pupa, pupa kọ́ sì ni wọ́n ń wá.

"Ó ku ẹnì kan, sà," Jẹ́jẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ni?"

A ń wo òkè ilé.

Alága tẹ̀ síwájú kó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ikùn ò gbà. Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ikùn bá a lọ. Ó tẹ̀ sósì, ikùn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Níkẹyìn, ó na ọwọ́, ó di èjìká Jẹ́jẹ́ mú, ẹni tó ń lé lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́yìn bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ kan bàtà irin mọ́ ní pátákò.

"Kí lẹ rí?"

"Búlúù ni, sà."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Búlúù náà ni, sà. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀."

Etí-ò-purọ́ kúnlẹ̀. Ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀, ó kọ́kọ́ fẹ́ gbé etí lé àtẹ́lẹsẹ̀ Alága kó tó rántí ara rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó wo ìka náà.

"Aró mi rèé," ó ní. "Ibi tó ti ń jò rèé."

Alága sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èjìká Jẹ́jẹ́ sílẹ̀.

"Dókítà ló ní kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná àti iyọ̀ láràárọ̀," ó ní. "Ṣé kí n wá máa jó gáàsì nítorí ẹsẹ̀ ni? Mo wò ó pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná lásán láràárọ̀ nígbà tí awakọ̀ ń mu tíì, kò sẹ́ni tó ń fi ooru yẹn ṣe nǹkan kan. Mo ti rí i lọ́jọ́ kan bí ẹ ṣe ń yí kọ́ọ̀kì yẹn. Ààbọ̀ korobá péré ni mò ń bù. Mo sì máa ń nu ibẹ̀ dáadáa."

"Ẹ ò rí i pé ó ti yí àwọ̀, sà?" Etí-ò-purọ́ ní.

"Inú korobá dúdú kẹ̀? Láàárọ̀ kùtù?" Ó wá rántí pé òun ló yẹ kó máa bínú. Ó nà ró. "Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí awakọ̀ máa purọ́ fún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bu omi yẹn, kò tán lọ́jọ́ kan. Bí mo bá bù ú lónìí, tí mo bá débẹ̀ lọ́la, ó ti kún. Omi wo ló wá ń tán?"

Mo di imú. Mo fi eyín di ètè.

"Òótọ́ ni, sà," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó máa ń kún. Èmi ni mo ń rọ ọ́."

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí. Ìwé ìdádúró bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi ẹ̀yìn lé kọ́bọ́ọ̀dù, mo rọra ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ títí ìdí mi fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Etí-ò-purọ́ ní ikọ́ ló ń ṣe òun, ó fi irin rẹ̀ bo ojú. Irin tín-ín-rín bí ìka, kí ló fẹ́ fi bo?

Alága wo kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wo Jẹ́jẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ó gba orí ẹsẹ̀ búlúù tirẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà, ó wọ sálúbàtà, ó wá yíjú.

"Mẹkáníìkì."

"Sà?"

"Nǹkan tẹ́ ẹ yọ lọ́jọ́rú yẹn, ẹ dá a padà. Láti àná ni omi náà ò ti gbóná tó."

"Ó ti yé mi, sà."

Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àgbà.

"Alága, ẹ má bínú o. Ṣé kí n kúkú máa bá yín da iyọ̀ sí i láti òkè?"

A rò pé yóò bú u. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó rò ó dáadáa.

"Má jẹ́ kó pọ̀ jù."